Ọ̀ṣun ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi, ṣé mo lè jẹ́ ti Jésù bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ọmọ ọdún 22 ni mí, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo níbí ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń kọ́. Ìdílé Ọlọ́ṣun ni wá, màmá mi ṣì ń rẹ aṣọ láró títí dòní. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gba Jésù, ẹnì kankan ò fipá mú mi, ó wọ̀ mí lára ni. Orúkọ mi ni wàhálà. Ọ̀ṣun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mi ò ní kọ ìyókù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ní kí n lọ yí i padà, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin wa tiẹ̀ ti yọ Ọ̀ṣun kúrò ó ti fi Jésù síbẹ̀ lórí grúùpù WhatsApp wa, kò bi mí, ọjọ́ tí mo rí i ńṣe ló dà bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n ń pè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá màmá mi wá pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́, mi ò dáhùn. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo yọjú, ó dúró ti ìkòkò aró, ọwọ́ ẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ó kàn ń wò mí ni. Mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́. Nílé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Ọlọ́ṣun ni mí. Oṣù kẹjọ náà tún ti ń bọ̀, ọdún Ọ̀ṣun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ibi ìkòkò aró yẹn lọkàn mi ṣì wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí Bíbélì. Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 18, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Apollo, ó mọ Ìwé Mímọ́ dójú àmì. Ara orúkọ òòṣà àwọn Gíríìkì kan ni orúkọ ẹ̀ ti wá. Epafroditu inú Fílípì orí 2 ńkọ́? Afrodite ló wà nínú orúkọ tiẹ̀, abo òòṣà ni wọ́n ń bọ bẹ́ẹ̀, òun sì ni Pọ́ọ̀lù pè ní arákùnrin òun. Kò síbi tí a ti kà á pé Pọ́ọ̀lù ní kí èyíkéyìí nínú wọn lọ yí orúkọ padà. Jòhánù 1:12 ní àwọn tó gbà á ló di ọmọ Ọlọ́run, o sì ti gbà á, ó parí.

Ohun tó ń dà ẹ́ láàmú gan-an jù orúkọ lọ o, ọ̀rọ̀ ibo ni mo ti wá àti ta ló ni mí ni. Pọ́ọ̀lù ka gbogbo ohun tó lè fi yangàn nínú Fílípì orí 3, ó ní ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n kọ òun nílà, ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì lòun, Farisí lòun, ó wá ní àdánù lòun ka gbogbo ẹ̀ sí nítorí Kristi. Téèyàn bá dúró síbẹ̀ á rò pé ó ti kọ ilé bàbá ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ wo Róòmù 11 ẹsẹ 1, ọkùnrin yìí kan náà ló ní ọmọ Ísírẹ́lì lòun, ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì lòun. Kò sẹ́ ilé tó ti jáde. Kò kàn gbára lé e mọ́ níwájú Ọlọ́run ni. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìwọ náà dúró sí. Àjàyí Crowther tiwa náà, 1825 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un tó di Samuel, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, a ṣì ń pè é ní Àjàyí dòní.

Ẹni tó bá fẹ́ yí orúkọ ẹ̀ ò ṣẹ̀ o, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ sọ Ábúrámù di Ábúráhámù. Bó bá ti ọkàn ẹ wá lọ́jọ́ iwájú, sọ fún màmá ẹ kó o tó lọ búra ní kóòtù, NIN àti bánkì á wá tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fi fóònù yí i fún ẹ. Lọ bá ẹni yẹn lẹ́yìn ìdánrawò orin, ìwọ àti òun nìkan, fohùn pẹ̀lẹ́ ní kó dá orúkọ ẹ padà.

Ọ̀rọ̀ ọdún Ọ̀ṣun le díẹ̀, torí nínú ilé tiyín kì í ṣe ìran àpéwò. Má dúró dìgbà tí Arugbá bá ti jáde kó o tó sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ báyìí: “Màmi, mi ò ní bá yín lọ sójúbọ, àmọ́ màá gbálẹ̀, màá dáná fún àlejò.” Ní ti oúnjẹ, 1 Kọ́ríńtì 10 ẹsẹ 27 àti 28 ti là á sílẹ̀: jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ láìbéèrè, àfi tẹ́nì kan bá sọ fún ẹ pé wọ́n ti fi bọ òòṣà. Wọ́n lè bínú sí ẹ lọ́dún yìí. Fara dà á, má sì bá wọn jiyàn.

Bí màmá ẹ bá tún pè ẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé, dáhùn, kúnlẹ̀, tọrọ àforíjì ọjọ́sí. Kó o wá bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí ẹ tí wọ́n fi sọ ẹ́ lórúkọ yẹn. O ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà ẹ, ó jọ pé o ò tíì bi wọ́n rí.