Wọ́n Ní "Ó Dáa Mà", Wọn Ò sì Padà Wá Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú níbí, ó ti tó ọdún 11 tí mo ti ń tà á, ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Láti bí ọdún kan báyìí mo rí i pé àwọn kọ́sítọ́mà mi tó máa ń wá láti Èkó àti Ìbàdàn, àwọn tó máa ń kó yáàdì 50 lẹ́ẹ̀kan náà fún aṣọ ẹbí, wọn ò wá mọ́. Mo wá gbọ́ lórí rédíò pé ó yẹ kí oníṣòwò máa bi kọ́sítọ́mà bóyá inú ẹ̀ dùn, kó fún wa ní máàkì láti 0 dé 10. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé "ó dáa mà, ẹ kú iṣẹ́", 10 ni wọ́n sì ń fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ọmọ àbúrò mi fi hàn mí lórí fóònù ẹ̀ pé obìnrin kan gbé aṣọ tó rà lọ́wọ́ mi sí státọ́ọ̀sì Wásáàpù, ó ní aṣọ náà ń ṣí, pé ó ti kó aró ran lẹ́ẹ̀sì funfun òun. Obìnrin yìí kan náà wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tó ra aṣọ yẹn o, mo bi í, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa! Ó dùn mí wọra. Ṣé kí n pè é kí n sọ tinú mi ni àbí kí n dákẹ́? Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó wà nínú wọn tí wọn ò bá sọ ọ́?
— Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ìyá Aládìrẹ, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jà. Obìnrin yẹn ò fẹ́ dójú tì yín ni kò ṣe sọ ọ́ lójú yín. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílẹ̀ yìí, ọmọ Yorùbá wo ló máa dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó jù ú lọ, lójú ọmọ iṣẹ́, lójú àwọn tó ń rajà lọ́wọ́, kó wá ní "mà, ọjà yín ò dáa"? "Ó dáa mà" yẹn, ìkíni lásán ni, ó dà bíi kí wọ́n ní "ẹ kú ọjà". Ẹ̀yin lẹ kà á sí ìdáhùn.

Èmi alára ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ra bùbá àdìrẹ kan nílùú yìí nígbà kan, mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, òógùn bò mí lọ́jọ́ kan, aró gba gbogbo síńgílẹ́ẹ̀tì mi, ó gba ọrùn mi. Lẹ́yìn ìgbà yẹn mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn á tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, mo ń kí ìyá náà, ó ń kí mi, mi ò sọ fún un, mi ò sì rajà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ó ń dùn mí títí dòní, torí ó ṣeé ṣe kó máà mọ̀ rárá pé nǹkan ń ṣe aró òun.

Torí náà àwọn tó ti lọ gan-an ni kẹ́ ẹ wá lọ, ẹ fi àwọn tó ṣì ń wá sílẹ̀ ná. Ẹ ní nọ́ńbà àwọn tó ń kó aṣọ ẹbí yẹn, àbí? Ẹ má fúnra yín pè wọ́n, ẹ jẹ́ kí ọmọ àbúrò yín yẹn pè wọ́n, torí ó máa ń rọrùn fún èèyàn láti sọ òótọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ọlọ́jà fúnra ẹ̀. Kó má sì bi wọ́n pé "ṣé aṣọ wa dáa?" o, ohun tó máa gbọ́ náà nìyẹn, "ó dáa". Kó bi wọ́n pé: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti fọ aṣọ yẹn? Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, báwo ni omi ẹ̀ ṣe rí? Ibo lẹ ti wá ra ti ayẹyẹ tó tẹ̀ lé e, kí lẹ sì rí níbẹ̀? Kó béèrè, kó wá panu mọ́. Ibi tó le jù nìyẹn, torí bí wọ́n bá ti ní aró ṣí báyìí, ahọ́n á máa yún èèyàn láti ní "ẹ̀yin lẹ fi ọṣẹ tó le fọ̀ ọ́". Wíwí àwíjàre yẹn ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Kó kọ ọ́ sínú ìwé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an, kó kọ ọjọ́ tí wọ́n rà á sí i, àti ìkòkò aró tẹ́ ẹ pa á nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rántí. Ẹnìkan lè sọ̀rọ̀ torí inú ń bí i. Àmọ́ bí ẹni mẹ́rin tí wọn ò mọra wọn bá sọ ohun kan náà nípa aṣọ oṣù kan náà, ẹ ti rí i nìyẹn.

Ní ti máàkì tẹ́ ẹ gbọ́ lórí rédíò, òótọ́ ni, ó wà. Fred Reichheld ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003, wọ́n ń pè é ní Net Promoter Score. Ìbéèrè ẹ̀ ni pé ṣé ẹ lè júwe wa fún ọ̀rẹ́ yín, láti 0 dé 10. Àwọn tó bá fún yín ní 9 tàbí 10 ló ń polówó yín, 7 àti 8 wà láàárín, láti 6 lọ sísàlẹ̀, ọkàn wọn ò sí lọ́dọ̀ yín mọ́. Tẹ́ ẹ bá bi ẹni 20, tí ẹni 9 wà lókè tí ẹni 6 wà nísàlẹ̀, ìyẹn 45 nínú ọgọ́rùn-ún àti 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ yọ 30 kúrò nínú 45, ó ku 15. Ó wúlò fún báńkì tó ní kọ́sítọ́mà rẹpẹtẹ. Nínú ọjà Ìtòkú tí wọ́n ń wo ojú yín, tí wọ́n ń pè yín ní mọ̀mí, 10 ni gbogbo wọn máa fún yín, ẹ ti rí i fúnra yín. Ní tèmi, "kí ló dé" tó yẹ kó tẹ̀ lé máàkì yẹn ló níye lórí ju máàkì lọ.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ bi ara wa ní "kí ló dé" yẹn. Ilé iṣẹ́ Toyota ní Japan sọ ọ́ di àṣà pé kí wọ́n máa béèrè ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra títí wọ́n á fi kan ìdí ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí aṣọ ń ṣí? Ẹ mọ iṣẹ́ aró jù mí lọ, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá fi kọ́sítíìkì àti hydros, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po aró, pa aró, tẹ́ ẹ yọ aṣọ jáde, atẹ́gùn ló ń mú àwọ̀ ẹ̀ jáde tó sì ń dì í mọ́ òwú. Bí wọn ò bá jẹ́ kó gba atẹ́gùn tó kí wọ́n tó ṣàn án, tàbí tí wọn ò ṣàn án títí omi ẹ̀ fi mọ́, aró tí kò di mú á kàn jókòó sórí aṣọ ni, òun ló ń bọ́ sára èèyàn. Kí ló dé tí wọn ò ṣàn án tó? Bóyá omi la ń rà, ọmọ iṣẹ́ ń ṣọ́ ọ lò. Kí ló dé tí wọn ò sì sá a pẹ́? Bóyá torí ẹni tó fẹ́ aṣọ ẹbí ní ọjọ́ mẹ́ta lòun fẹ́ gbà á, ẹ sì ní kò burú. Ṣé ẹ rí i, a bẹ̀rẹ̀ láti orí aró, a wá bá ara wa lórí ọjọ́ tẹ́ ẹ ń dá fún kọ́sítọ́mà. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín o, ẹ wá tiyín rí. Wọ́n kúkú ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Obìnrin státọ́ọ̀sì yẹn, òun nìkan lẹ máa fúnra yín pè. Ẹ ní "mo rí ohun tí aṣọ wa fojú ẹ rí, má bínú, gbé e wá kí n pààrọ̀ ẹ̀, ká sì jọ sọ ti lẹ́ẹ̀sì yẹn." Ẹ má ní kó yọ státọ́ọ̀sì náà, wákàtí 24 ló ń lò níbẹ̀, ó ti lọ. Tẹ́ ẹ bá sì ti tún iṣẹ́ ṣe tán, ẹ padà sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ yí padà fún wọn, "ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́sí la fi ń ṣàn án títí omi fi ń mọ́ báyìí o". Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń gbàgbé èyí, wọ́n á béèrè, wọ́n á gbọ́, wọ́n á dákẹ́. Ẹ tún máa fi ìwé pélébé sínú láílọ́ọ̀nù: ẹ dá aṣọ yìí fọ̀ fúngbà díẹ̀ ná, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Pàǹsẹ́kẹ́ ni mo ti ń ta ṣájà àti íápíìsì. Mo lẹ páálí mọ́ ògiri pé "ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà", kí wàhálà lè dínkù. Ìyàwó mi ní ó ń lé èèyàn. Ta ló jàre?
— Ọmọ Pàǹsẹ́kẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyàwó ẹ ló jàre, àbúrò. Lákọ̀ọ́kọ́, òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà, páálí ò sì lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ìkejì, ṣájà tí wọ́n gbé padà wá yẹn ló máa sọ fún ẹ irú èyí tí o kò gbọdọ̀ rà mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o fún ẹ. Tí wọn ò bá lè dá a padà, wọ́n á jù ú nù nílé, ìwọ á tún lọ kó páálí kan sí i ti irú ẹ̀ kan náà. Yọ ọ́ lónìí. Ra ìwé kan, kọ irú ọjà tó padà, ọjọ́ tó padà àti ohun tó ṣe é, bó bá ti pé oṣù kan gbé e lọ fún ẹni tó ń kó o fún ẹ kó rí i.