Èsì: RNA tí kì í di purotéènì àti sẹ́ẹ̀lì inú ìfun

Àbúrò, o ní báwo ni RNA (ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ láti ara jíìnì) tí kì í di purotéènì ṣe ń mú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú ìfun bí irú ara rẹ̀. Alárinà ni.

Wo lncGata6, ọ̀kan lára irú RNA bẹ́ẹ̀ tó gùn. Ó ń fa àkójọ purotéènì NURF, tó ń ṣí DNA tó wé pọ̀, wá sẹ́nu ọ̀nà jíìnì Ehf. Ehf á jí, Lgr4 àti Lgr5, àwọn purotéènì ojú sẹ́ẹ̀lì, á pọ̀ sí i, àmì Wnt tó ń mú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ bí irú ara rẹ̀ á sì ròkè. Bí ẹni mú oníkọ́kọ́rọ́ lọ sí ìsọ̀ tó wà ní títì l'Ódò-Ògbè ni. Ẹni tó mú un lọ fúnra rẹ̀ kò tajà.

Ara eku ni wọ́n ti yẹ èyí wò jù, nítorí náà sọ bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́mínà rẹ.

MicroRNA, ìyẹn RNA kéékèèké tí kì í di purotéènì, ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣílẹ̀kùn. mRNA (ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì) tó ti jáde ló ń dì mọ́, kí purotéènì rẹ̀ lè dínkù.