Pátákó káìtì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀

Ìbéèrè: Mo máa ń dúró lórí pátákó kí káìtì, aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè, máa fà mí lórí omi. Kílò 80 ni mí. Bí afẹ́fẹ́ bá wálẹ̀ sí nọ́ọ̀tì 12 (nǹkan bíi kìlómítà 22 ní wákàtí kan), pátákó mi tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 138 máa ń rì. Ṣé káìtì ńlá ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ pátákó. Ẹ wá èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 155 sí 160, tó sì fẹ̀ tó 44. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú wò: bí orí àti ìdí rẹ̀ bá ká sókè púpọ̀, omi ni yóò máa tì, kò ní sáré.

Bí ẹ bá dìde, ẹ kọjú pátákó síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ díẹ̀ kó lè sáré ná, kí ẹ tó tẹ etí rẹ̀. Ẹ má fa ọ̀pá tí ẹ fi ń darí káìtì mọ́ra jù. Bí ẹ bá fà á jù, káìtì á dúró gbagidi, á sì máa fà sẹ́yìn títí yóò fi já sómi.

Ṣùgbọ́n nínú ìgbì, orí pátákó títẹ́jú máa ń gún omi. Pátákó ìgbì tí orí rẹ̀ ká sókè ló yẹ ibẹ̀.