Ìbéèrè Òǹkàwé: Ọ̀rọ̀ ìyìn fún olùkọ́ tó ń fẹ̀yìn tì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní A B D ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò Ìsọ̀kun, ní Iléṣà, ń fẹ̀yìn tì ní òpin táàmù yìí. Ọmọ ọdún 22 ni Màmá nígbà tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ní ọdún 1990, kíláàsì kìíní ni wọ́n sì kọ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún 35 náà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ ti dáwó jọ, a ti ra aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ní kí èmi kọ ọ̀rọ̀ ìyìn tí a ó kà níwájú àwọn aṣojú ìjọba àti ẹgbẹ́ olùkọ́. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin, ẹ̀dà rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo kà á fún ìyàwó mi, ó ní ó dà bí ìtàn ìgbésí ayé olóògbé. Kí ni kí n ṣe? Ṣé ó sì bójú mu kí n mẹ́nu ba pàṣán wọn? — *Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ìyàwó yín ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Gbólóhùn kẹta nínú ẹ̀dà yín ni pé “àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ kò ṣeé dí”, èyí tó tẹ̀ lé e sì ni pé “a kò ní gbàgbé yín láéláé.” Ibi òkú ni wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá kò tíì pé 60 ọdún rárá. Ọdún tí wọ́n lò lẹ́nu iṣẹ́ ló pé, nítorí ìlànà tí wọ́n bá wọṣẹ́ ìjọba ni pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí 60 ọdún lókè eèpẹ̀, èyíkéyìí tó bá ṣáájú, ni òṣìṣẹ́ fi ń fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún 57 tí yóò jí lọ́la, tí yóò lọ ná ata ní ọjà Atákúnmọ́sà, kì í ṣe ẹni tí à ń sọ fún pé ó ti sá eré ìje rẹ̀ dópin.

Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò, kí ẹ wá wo ohun tó kù. A rí “olùkọ́ rere”, “alákíkanjú” àti “ìyá àwọn ọmọ”. Ẹni tí kò mọ Màmá rí lè mú ìwé yín lọ kà fún olùkọ́ mìíràn ní Ẹdẹ tàbí Ìkìrun, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹta, bí ẹni pé ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé oríkì ni Màmá fi ń pe àwọn ọmọ nínú rẹ́jísítà láràárọ̀, àti pé ọmọ tí kò bá mọ oríkì rẹ̀, Màmá á ránṣẹ́ sí ìyá àgbà rẹ̀ láti bèèrè kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe àwọn oríkì náà gan-an, Àjọkẹ́, Àlàó, Àbẹ̀kẹ́, Àkànní, ní títẹ̀léra bí wọ́n ṣe wà nínú rẹ́jísítà ọdún tiyín, kí ẹ sì sọ bí àwọn tó pẹ́ dé ṣe máa ń sáré láti ẹnu ọ̀nà nítorí wọn kò fẹ́ kí oríkì wọn kọjá láìsí ẹni tó jẹ́ ẹ. Bí Àlàó kan bá wà nínú gbọ̀ngán lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ti di baba ọlọ́mọ, ẹ dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Yóò jẹ́ ẹ.

Ẹ mú ọdún wọ inú ọ̀rọ̀ níbi tí ìtàn bá wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan. Nígbà tí Màmá gba ìwé iṣẹ́ ní 1990, Iléṣà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Wọ́n ti sin ìpínlẹ̀ méjì láìkúrò ní ìlú kan, gbólóhùn kan sì ti tó fún ìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka orúkọ gbogbo gómìnà tó ti jẹ láàárín.

Ọ̀rọ̀ ìgbà tí owó oṣù ń wọlé lábọ̀, tí Màmá ń fẹsẹ̀ rìn wá sílé-ìwé tí wọn kò sì pa ọjọ́ kan jẹ, yẹ ní sísọ. Ẹ jẹ́ kó dúró sórí ohun tí Màmá ṣe. Lórí tábìlì àwọn tó máa jókòó síwájú lọ́jọ́ náà ni fáìlì owó ìfẹ̀yìntì wọn yóò gbà kọjá; ẹni tó bá fẹ́ bínú sí ìjọba, kó fi orúkọ ara rẹ̀ bínú níbòmíràn.

Ní ti pàṣán, ẹ bi Màmá fúnra wọn léèrè kí ọjọ́ náà tó kò. Olùkọ́ mìíràn á rẹ́rìn-ín bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, ojú á sì ti òmíràn, pàápàá bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá wà níjòókòó. Bí wọ́n bá gbà, ìtàn kan péré ni kí ẹ sọ, kó sì jẹ́ èyí tí ẹ̀yin gan-an ti jẹ̀bi. Ojú ìwé kan àbọ̀ ti pọ̀ tó.

Ìbéèrè: Àwa náà ń ṣe irú ayẹyẹ yìí fún Bàbá kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìṣirò. Ọ̀gá ilé-ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí á fi kọ ọ̀rọ̀ náà nítorí àwọn àlejò pàtàkì. Kí lẹ rí sí i? — *Òǹkàwé yín, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Ní Ilé-Ifẹ̀ kẹ̀? Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa jẹ́ aṣáájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Bí Yorùbá bá gbé ìṣirò, yóò gbé ọ̀rọ̀ ìyìn olùkọ́ ìṣirò. Bí àlejò kan kò bá gbọ́ èdè wa, kí ẹnì kan ṣe ògbufọ̀ ní ṣókí fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá ni kí ẹ kọ ọ́ sí tààrà, “ẹ̀yin lẹ kọ́ wa”, kì í ṣe “bàbá yìí ló kọ́ wa”, kí ẹni tó ń kà á lè kọjú sí ibi tí wọ́n jókòó sí. Kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà kan ní lẹ́tà tó tóbi, kí ẹ fi lé ìyàwó wọn lọ́wọ́ kó tó di pé onílù bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni ariwo kò ní jẹ́ kí Bàbá gbọ́.