Fọ́ńtì Tó Ń Yí Padà Nígbà Ìtẹ̀wé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Nígbà tí mo gbé ìwé Word mi lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ìwé 4 di 5, àwọn lẹ́tà alámì sì di àpótí òfìfo. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Orúkọ fọ́ńtì (àkójọ àwòrán lẹ́tà tí a fi ń kọ̀wé) ni fáìlì Word sábà máa ń gbé dání, kì í ṣe fọ́ńtì fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kejì kò bá ní i, yóò fi òmíràn rọ́pò. Bí lẹ́tà arọ́pò náà bá sì fẹ̀ jù, ìlà á pọ̀ sí i. Àpótí òfìfo fi hàn pé fọ́ńtì arọ́pò náà kò ní àwòrán lẹ́tà bíi «ọ̀». Ẹ sọ ìwé náà di PDF (irú fáìlì tó ń tọ́jú ìrísí ìwé) tí a ti fi fọ́ńtì sínú rẹ̀. Èmi kì í gbé Word lọ tẹ̀ mọ́.