Bàbá wa ahunṣọ fẹ́ pé ọdún kan: kí ló yẹ ká ṣe?

Ìbéèrè: Àsàláámù aláékùmù, Ààfáà. Ìṣẹ́yìn ni ilé wa. Oṣù tó ń bọ̀ ni bàbá wa yóò pé ọdún kan tí wọ́n ti jáde láyé. Aṣọ òfì ni wọ́n hun títí ojú wọn fi di bàìbàì, ìdí òfì náà ni wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi rán gbogbo wa nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà l'Ékòó ní ká ra màlúù, ká yan aṣọ ẹbí, ká pe àwọn ààfáà wá ṣe fídáù. Àbúrò wa ní àdádáálẹ̀ ni, ohun tí Ànábì kò fi lélẹ̀ nínú ẹ̀sìn, òun ò ní í débẹ̀. Ọmọ mi obìnrin sì ti kọ ìtàn ayé bàbá àgbà rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ kà á fún àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà. Kí ni ẹ̀sìn wí? Kí la lè ṣe tí yóò ṣe bàbá láǹfààní?

Ìdáhùn: Wa aláékúmù sàláámù. Kí Ọlọ́run kẹ́ bàbá yín, kí Ó fẹ sàréè wọn.

Kí n tó dé orí màlúù, ta ni ìwé gbèsè bàbá wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ ò sọ ọ́ nínú ìbéèrè yín. Ahunṣọ a máa gba òwú àwìn, oníbàárà a sì máa san àsansílẹ̀ lórí aṣọ tí wọn kò tíì hun. Bí ẹnì kan bá ti san owó aṣọ ìgbéyàwó, tí ikú dé kí aṣọ ọ̀hún tó kúrò lórí òfì, owó onítọ̀hún kì í ṣe ogún. Súrà An-Nisāi, ẹsẹ 11: lẹ́yìn àsọọ́lẹ̀ àti gbèsè ni Ọlọ́run tó fi ogún pípín sí. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) sì sọ nínú hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀, tó wà nínú ìwé Tirmidhi pé ẹ̀mí onígbàgbọ́ òdodo so rọ̀ mọ́ gbèsè rẹ̀ títí wọn yóò fi bá a san án. Ọdún kan ti fẹ́ pé o! Ẹ má jókòó de àwọn tó ń ta òwú pé kí wọ́n wá bá yín. Ojú máa ń ti èèyàn láti sin ọmọ olóògbé ní gbèsè. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ, kí ẹ máa bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti fídáù, òótọ́ ni àbúrò yín sọ níbì kan: Ànábì kò ya ọjọ́ kẹjọ, ogójì ọjọ́ tàbí ọdún sọ́tọ̀ fún òkú. Ṣùgbọ́n àdúà fún òkú kò níyàn jíjà nínú, ó wà nínú Súrà Al-Hashr, ẹsẹ 10. Kíka Àlùkùránì kí láádá (èrè) rẹ̀ lè jẹ́ ti òkú ni àwọn onímọ̀ ti yapa, títí kan àwọn tó ń tẹ̀lé Ṣáfíì, Ahmad àti Mọ́líkì, àwọn àgbà onímọ̀ òfin ẹ̀sìn. Èyí tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Ṣáfíì ni pé kò dé ọ̀dọ̀ òkú. Àwọn ọmọlẹ́yìn Ahmad ní ó ń dé. Lọ́dọ̀ àwa ọmọlẹ́yìn Mọ́líkì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìkẹyìn gbà á láàyè. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà onímọ̀ yapa lé lórí báyìí kò tó ohun tí ọmọ ìyá yóò torí rẹ̀ yẹra fún ara wọn. Ẹ lè pé jọ, ẹ ṣàdúà, kí ẹ má kàn pe ọjọ́ náà ní ọ̀ranyàn, kí ẹ má sì bá ààfáà dúnàá-dúrà lórí iye tí yóò gbà kó tó kà. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi kan kò ní í fẹ́ràn gbólóhùn yìí.

Oúnjẹ ńkọ́? Nígbà tí Jafaru ọmọ Abū Tọ́líbù kú lójú ogun Mútà, lọ́dún 8 lẹ́yìn Híjírà, Ànábì ní kí àwọn èèyàn se oúnjẹ fún ará ilé Jafaru. Tiwa ti dojú rú, ará ilé òkú ló ń dáná fún àdúgbò. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ fi owó àpò ara wọn ra màlúù, kí wọ́n pín ẹran náà fún àwọn aláìní, sàráà ni, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré bá wà lára àwọn tó ni ogún, kọ́bọ̀ kò gbọdọ̀ ti inú ogún náà jáde fún àríyá. Ẹ ka ẹsẹ 10 nínú Súrà An-Nisāi kan náà. Aṣọ ẹbí ní tirẹ̀, n kò rí ohun tí yóò ṣe fún bàbá.

Ohun tó ń dé bá òkú, Ànábì ti kà á nínú hádíìsì tí onímọ̀ tó ń jẹ́ Muslim gbà wá: sàráà tí kì í dáwọ́ dúró, ìmọ̀ tí wọ́n ń ṣàǹfààní rẹ̀, ọmọ rere tó ń ṣàdúà. Ìyá Saadu ọmọ Ubādà, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, kú nígbà tí Saadu kò sí nílé. Ó bi Ànábì bóyá sàráà òun yóò ṣe é láǹfààní, Ànábì ní bẹ́ẹ̀ ni, Saadu sì fi odindi ọgbà rẹ̀ ṣe sàráà nítorí ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ní òfì bàbá nílé. Ẹ̀yin ọmọ kàwé, bóyá kò sẹ́ni tó ń jókòó sídìí rẹ̀ mọ́. Bí gbogbo ẹni tó ni ogún bá fọwọ́ sí i, ẹ gbé e fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn kan tí kò lówó, ẹ ra òwú tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ fún un. Ìmọ̀ ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi túmọ̀ ìmọ̀ inú hádíìsì yẹn, àmọ́ mo nírètí pé ẹni tó kọ́ ọmọ aláìní níṣẹ́ hálálì nítorí Ọlọ́run kò ní í pàdánù láádá. Ṣebí Ànábì sọ pé kò sẹ́ni tó jẹ oúnjẹ tó dára ju èyí tó ti inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, pé Ànábì Dáúdà pàápàá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ.

Àwọn tí bàbá yín jọ ń hun aṣọ, tí wọ́n ṣì wà láyé, ẹ máa yà kí wọn. Abdullāhi ọmọ Úmárù pàdé ará oko kan lójú ọ̀nà Mẹ́kà, ó bọ́ láwàní orí rẹ̀ fún un, ó fún un ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń gùn. Wọ́n ní ohun kékeré ì bá tó irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ Úmárù ni bàbá ọkùnrin náà, òun sì gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé ara oore tó ga jù ni kí ọmọ máa da pọ̀ mọ́ àwọn tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn.

Ọmọ yín obìnrin, ẹ jẹ́ kó ka ìtàn rẹ̀. Wọ́n gbé òkú kan kọjá, àwọn èèyàn yìn ín, Ànábì ní Àlùjánńà ti di tirẹ̀, pé àwọn ni ẹlẹ́rìí Ọlọ́run lórí ilẹ̀. Kó sọ òótọ́, kó má bù mọ́ ọn. Bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá àgbà òun ti wà ní Àlùjánńà báyìí, ẹ bá a yọ ọ́. Nígbà tí Uthmān ọmọ Maz'ūn, sàábé Ànábì, kú, obìnrin kan jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti pọ́n ọn lé, Ànábì sì bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Kó sọ gbólóhùn náà di àdúà, kí gbogbo yín ṣe àmín sí i.

Ọlọ́run ló mọ̀ jù.