Ọmọ ọdún 15 ni mí: ṣé ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún ijó ballet?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ ọdún 15 ni mí, mo sì wà lára àwọn tó ń jó bàtá nínú ẹgbẹ́ àṣà ilé ìwé wa. Ó wù mí kí n kọ́ ballet, ṣùgbọ́n Màmá mi ní eegun mi ti gbó jù, pé láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Mo ti ra bàtà pointe kan, èyí tí wọ́n fi ń dúró lórí orí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ní òkìrìkà, ó sì bá mi mu. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí n gbàgbé ẹ̀? (Ọmọ Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Bẹ̀rẹ̀, ọmọ wa, ṣùgbọ́n gbé bàtà yẹn sápá kan ná.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Màmá tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lo fẹ́ fi ballet ṣe. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń gba ọmọ ní nǹkan bí ọdún 10 tàbí 11. Misty Copeland ti Amẹ́ríkà ti pé 13 kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì di oníjó àgbà nínú ẹgbẹ́ oníjó American Ballet Theatre ní 2015, àmọ́ irú rẹ̀ kò pọ̀. Má fi tiẹ̀ wọn ara rẹ. Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n jó dáadáa ni, ọdún 15 kò pẹ́ rárá. Kódà, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń ga lójijì láàárín ọdún 11 sí 13: eegun á ṣáájú iṣan, ara á le, gìgísẹ̀ àti orúnkún á máa dunni. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ ti kọjá ibẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú jù ni yíyí ẹsẹ̀ síta. Oríkèé tó so itan mọ́ ìbàdí ló yẹ kó ti wá. Bí eegun ibẹ̀ ṣe rí lára kálukú ló ń pinnu ibi tó lè dé, ipá kò sì lè yí i padà. Dán èyí wò: fi gìgísẹ̀ méjèèjì kanra, yí ọmọ ìka síta, kí o rọra tẹ orúnkún láìgbé gìgísẹ̀ nílẹ̀. Demi-plié nìyẹn. Orúnkún gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan òkè ọmọ ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Tí orúnkún bá ń wo iwájú nígbà tí ẹsẹ̀ ń wo ẹ̀gbẹ́, o ti yí i jù nìyẹn. Dín in kù. Igun 90 láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fipá wá 180, orúnkún ara rẹ̀ ló ń lọ́, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wó sínú.

Bàtá á ràn ọ́ lọ́wọ́ níbi ìlù àti rírántí ẹsẹ̀, á sì tún bá ọ jà. Nínú bàtá, orúnkún tẹ̀, àyà tẹ̀ síwájú, èjìká ń ṣiṣẹ́. Ballet ní kí orúnkún nà, kí àyà dúró, kí èjìká má mira. Má torí ẹ̀ fi bàtá sílẹ̀ o.

Bàtà òkìrìkà yẹn wá ńkọ́? Aṣọ, pépà àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe orí rẹ̀ tó le. Òógùn àti ooru ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti rọ̀ ọ́, ó sì ti gba ìrísí ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Tó bá wó nígbà tí o wà lórí rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ ló máa fara gbá a. Tuntun pàápàá kò tíì kàn ọ́: ọdún méjì sí mẹ́ta ni, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Kí olùkọ́ tó gbà, ó yẹ kí o lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí orúnkún nà, kí o gbé gìgísẹ̀ sókè sọ̀ kalẹ̀ nígbà 20 láìjẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀. Bàtà ballet pẹlẹbẹ lo nílò báyìí, aláwọ tàbí oníkánfáàsì: kí ọmọ ìka nà tán láìká, kí àyè má sì ṣẹ́ kù níwájú. Má ra èyí tí wàá “dàgbà bá”. Ẹsẹ̀ á máa yọ̀ nínú ẹ̀.

Ibi tí wàá ti kọ́ ọ ló ṣòro. Leap of Dance Academy, tí Daniel Ajala Owoseni dá sílẹ̀ ní 2017 ní Ajangbadi, kì í gba owó, àmọ́ láti Ìkòròdú dé Ajangbadi, Èkó lo là já yẹn. Ibikíbi tí o bá rí, wo ilẹ̀ kí o tó wo olùkọ́. Ilẹ̀ pákó tí àlàfo wà lábẹ́ rẹ̀ ló dára jù. Lórí táìlì tàbí kọnkéré, o lè di barre (igi ìdìmú oníjó) mú ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n má fò níbẹ̀. Ojúgun á jẹ ọ́ níyà. Béèrè bóyá kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ wà, torí tí wọ́n bá kó ọ mọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, kò ní pẹ́ sú ọ. Olùkọ́ tó bá ṣèlérí pointe láàárín oṣù mẹ́ta, jáde níbẹ̀.

Fún un ní oṣù mẹ́ta kí o tó pinnu. Plié àti tendu (nína ẹsẹ̀ síta láìgbé ọmọ ìka nílẹ̀) lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ ló máa pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹni tí ìyẹn bá sú pátápátá, kò jọ pé ballet á wù ú lọ́dún kejì.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ballet. Ṣé dandan ni bàtà àti táìtì aláwọ̀ pínǹkì? (Ìyá kan, Peckham)

ÌDÁHÙN: Rárá, mà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kí ẹ tó náwó. Láti àwọn ọdún 1970 ni Dance Theatre of Harlem, ẹgbẹ́ oníjó kan ní Amẹ́ríkà, ti ń lo táìtì àti bàtà tó bá àwọ̀ oníjó mu. Ní 2018, Freed of London tó ń ṣe bàtà ijó àti ẹgbẹ́ oníjó Ballet Black gbé bàtà pointe aláwọ̀ búráùn jáde. Tí ẹ kò bá rí àwọ̀ tiyín, ẹ fi kànìnkànìn pa fáùndéṣọ̀n tó bá ara rẹ̀ mu sára bàtà kánfáàsì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kó má baà ta sára táìtì.